Orin Íńdíà Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Mi

Ẹ má bi mí bóyá mo máa ń jó sí orin yẹn. N kì í jó sí i. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, mo máa ń dìde, mo máa ń ní mo fẹ́ lọ fọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbé e sí i, mo máa ń ní kí dírẹ́bà dín in kù, bí kò bá dín in kù, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé gbohùngbohùn síta, wọ́n ń kọ ọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọmọ mi kan sì sáré wọlé wá bá mi. Ó ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́ orin Bàbá Alfa." Mo ní kó kúrò níwájú mi. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ṣe mí, ó wò mí títí, ó bá jáde. Orin Bàbá Alfa kọ́ ni. Obìnrin ló ni orin yẹn, obìnrin ló gbé e wọ ilé wa, èmi tí mo jẹ́ ọmọbìnrin ni mo sì kọ́ wọn ní ohùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi san án fún àwa méjèèjì ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ mi ní mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń di ìbínú àtijọ́ sínú. Mo gbọ́ wọn. Inú mi ṣì ń ru bákan náà.

Ilé wa kò jìnnà sí Sábó, níbi tí àwọn Gàmbàrí oníṣòwò ń gbé, ariwo kì í sì í tán níbẹ̀. Bàbá mi ń hun aṣọ òfì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti àárọ̀ ni igi òfì rẹ̀ ti ń dún títí oòrùn fi máa wọ̀, ọjọ́ tí a kò bá sì gbọ́ ọ, a ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ní apá kejì àgbàlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alfa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Àwọn ọmọkùnrin á jókòó sórí ẹní, wàláà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa ké e bí ọ̀fun wọn bá ṣe lè gbé e tó. Àwa ọmọbìnrin kò ní ẹní tiwa. Ibi iṣẹ́ la ti ń gbọ́ ọ. Ìyá mi ń ṣe ẹ̀kọ tà, èmi ni mo ń sẹ́ ògì, èmi ni mo ń nu ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ibi tí mo jókòó sí tí mo ń nu ewé náà ni mo ti há súrà sórí ju Gàníyù ọmọ Bàbá Alfa lọ, òun tó jókòó sórí ẹní. Bó bá gbàgbé, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ sí i létí, bàbá rẹ̀ á sì yìn ín. Ìtumọ̀ ohun tí à ń ké ńkọ́? A kò mọ̀ ọ́n. Mo bi Bàbá Alfa léèrè lọ́jọ́ kan, ó ní kí n lọ wo ògì mi lórí iná kó má jóná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa nílé yẹn: ẹ gbọ́ ọ, ẹ kà á, ẹ má bèèrè. Oúnjẹ wà, mi ò ní purọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná àti òlẹ̀lẹ̀ láàárọ̀, ègbo àti ẹ̀wà lọ́sàn-án, lásìkò máńgòrò a óò jẹ ẹ́ títí eyín á fi kan wá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bó ẹ̀gúsí, ẹni bá kọjá á kí i, á sì ṣàdúrà fún ẹni náà títí onítọ̀hún á fi kọjá lọ.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ orin yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré, ni Ìyá Jọ́ọ̀sì wá sílé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì lókè Ọya, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń lọ ṣòwò níbẹ̀ nígbà náà, ó sì ń ránṣọ níbẹ̀. Kò bímọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ìyẹn pè é, Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ ló dé, ó sì sọ ohun tó bá wá lọ́jọ́ kejì tó dé. Ọmọ ló wá gbà. Ó ní kí bàbá mi fún òun ní ọmọ kan tí òun yóò máa tọ́, tí òun yóò máa rí bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó sì ní èmi ni òun fẹ́. Ó ní ilé-ìwé kan wà ní Jọ́ọ̀sì tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀, wọ́n ń gba obìnrin, òun yóò fi mí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé-ìwé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ti àwọn onígbàgbọ́ ni, bàbá mi sì ti búra pé ọmọ òun kan kò ní lọ síbẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Nítorí náà, bí kò bá sí Jọ́ọ̀sì, kò sí ilé-ìwé fún mi. Bàbá mi ronú sí i, ó ní kò burú, ó ní lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ mo lè bá a lọ. Ìyá mi sunkún díẹ̀, ó sì ra ìró tuntun fún mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá Jọ́ọ̀sì gbé giramafóònù kan wá, èyí tí à ń fọwọ́ yí, àti àwo orin bíi mélòó kan tó fi ìró wé bí ẹni tó di ẹyin. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan sí i, ohùn obìnrin kan jáde, ó tín-ín-rín, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọdé sá lọ sẹ́yìn ilé. Bàbá mi dá òfì dúró kó lè gbọ́. Èmi kò sá. Mo bi í pé kí ni obìnrin náà ń sọ. Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: ó dá mi lóhùn. Kò ní kí n lọ wo ògì. Ó ní kí n jókòó, ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, ó ní, kí ni mo gbọ́ níbẹ̀? Mo pe èyí tí mo lè pè. Ó tún un ṣe fún mi, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó tún gbé abẹ́rẹ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí ààwẹ̀ bá ti mú àwọn àgbà, tí wọ́n sì ti sùn. Áńkì, ojú ni. Níìdì, oorun ni. Gáà, ilé ni, ìyẹn tètè yé mi torí pé gáà la máa ń pe ibi tí àwọn Fúlàní ń gbé. Kahá hẹ̀, níbo ló wà? Ọkùnrin kan ló rìnrìn àjò nínú orin náà, ọmọbìnrin tó ń dúró dè é ló ń kọrin. Ó ní kí wọ́n bá òun bi ayé léèrè, níbo ló wà? Ó ní kí wọ́n bi ojú òun léèrè, oorun dà? Ó ní òun ti ṣàdúrà fún un títí, níbo ló wà? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yé mi, orí mi wú. Mo ti ń ké ohun tí n kò mọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ti ẹnu ara mi jáde.

Ìyá Jọ́ọ̀sì náà kò kọ́ èdè yìí nílé-ìwé. Ó ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ ni òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sí ní Jọ́ọ̀sì, ìyàwó ọkùnrin náà kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá Jọ́ọ̀sì náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Èdè Gàmbàrí tí wọ́n fi ń ná ọjà nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ wo sinimá Íńdíà, lọ́jọ́ kejì obìnrin náà á máa kọ orin inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ká aṣọ, á dúró, á fọwọ́ kan ojú, á di ojú bí ẹni tó sùn, á fi èdè Gàmbàrí tì í lẹ́yìn, títí ó fi yé e. Ó ní lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn lè jà, kí àwọn sì parí ìjà, láìlo èdè mìíràn. Ó wù mí. Nígbà tí ààwẹ̀ fi dé àárín, bó bá fẹ́ omi láti fi ṣe àlùwàlá, á ní, "Pání láwò," màá sì gbé omi dé. Bó bá ní, "Ìdà áwò," màá ti dìde kó tó pa ẹnu dé, torí pé ó ní kí n wá ni. Ìyá mi á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí àwa méjèèjì má ta òun o. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bó ṣe dé etí Bàbá Alfa nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú orin náà tí àwa Mùsùlùmí ń lò, bíi dúníyà tó jẹ́ ayé, bíi dúà tó jẹ́ àdúrà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó tẹ́wọ́, ó ní Àmín. Bàbá Alfa jáde, ó ní kí ni wọ́n ń ṣe Àmín sí. Ìyá Jọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Orin Íńdíà ni, Bùọ̀dá. Orin inú sinimá ni." Ó sọ ọ́ ketekete. Mo wà níbẹ̀. Bàbá mi wà níbi òfì rẹ̀, kò jìnnà sí wa. Bàbá Alfa bá wọlé, ó gbé Kùránì rẹ̀ jáde, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i pé ìlú Íńdíà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kùránì ti ń wá nígbà náà. Ó ní ṣé àwọn tó tẹ ìwé Ọlọ́run yìí ni yóò máa kọ orin tí kò dára? Ìyá Jọ́ọ̀sì ní àwọn tó ń kírun wà níbẹ̀, àwọn tí kì í kírun náà sì pọ̀. Bàbá Alfa gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mo ti sọ̀rọ̀." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa, ó parí nìyẹn. Àṣé ohun tó ń wá ló rí. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ló ń kọrin jí àdúgbò fún sààrì, àwọn ti àdúgbò kejì sì ń bo wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún torí orin tuntun. Ó ní kí n wá kọ́ Gàníyù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohùn náà. Mo kọ́ wọn. Mo dúró níwájú ẹní tí n kò gbọdọ̀ jókòó lé, mo kọ́ wọn ní ọ̀sán lẹ́yìn ọ̀sán títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bàbá Alfa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Níbi tí obìnrin ti ń pe kahá hẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pe àánú Rẹ̀, ó sì fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà kí ayé lè mọ̀ pé orin òkè òkun ni. Nígbà tó dùn tán lẹ́nu wọn, ó ní kí n padà sídìí ògì, pé ohùn obìnrin kò gbọdọ̀ jáde níta. N kò bínú nígbà náà. Jọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn mi.

Orin náà gba ìlú. Kí ààwẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ àdúgbò kejì ń kọ ọ́, àwọn obìnrin ń kọ ọ́ lójà, gbogbo ẹni tó bá sì bèèrè, Bàbá Alfa làwọn ènìyàn ń dárúkọ. Wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ títí dé Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n fẹ́ wé láwàní fún àgbà alfa kan níbẹ̀, wọ́n sì ní kí Bàbá Alfa kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kọrin. Gbogbo ilé ló wọ lọ́rì. Ìyá Jọ́ọ̀sì sún ìrìn àjò wa síwájú nítorí rẹ̀, ó ní tí a bá ti dé láti Ọ̀yọ́, a ó máa lọ. Ní Ọ̀yọ́, èrò kún àgbàlá náà bámúbámú. Wọ́n fún Bàbá Alfa ní ìjókòó iwájú. Nígbà tí Gàníyù gbé ìlà àkọ́kọ́ jáde, àwọn ọ̀dọ́ Gàmbàrí kan tó ń ra obì níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. A rò pé inú wọn dùn ni. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ síwájú, ó fi aṣọ borí bí obìnrin, ó ń mi ọrùn, ó ń fi ojú pe ènìyàn, ó sì kọ orin náà láti òkè délẹ̀ bó ṣe wà gan-an. Àgbà kan bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní orin sinimá ni, ọmọbìnrin tó ń wá ọkọ ló ń kọ ọ́, òun ti wò ó ní Kánò. Ẹ̀rín sọ nínú àgbàlá náà. Àwọn ọmọdé Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọrùn. Àwọn àgbà ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Alfa jókòó síbẹ̀, kò gbójú sókè títí a fi wọ lọ́rì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Òfì bàbá mi kò dún lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pè wá sí yàrá Ìyá Àgbà: Bàbá Alfa àti bàbá mi lórí ìjókòó, Ìyá Jọ́ọ̀sì lórí ìkúnlẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá Alfa ní àbúrò òun tan òun jẹ, ó gbé orin kèfèrí wá, ó jẹ́ kí òun fi ẹnu òun kọ ọ́ nínú oṣù ààwẹ̀. Ìyá Jọ́ọ̀sì ní, "Mo sọ fún yín, Bùọ̀dá. Mo sọ fún yín lójú gbogbo ilé." Ó yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó dí i létí. Ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ lè ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò lè já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́. Mo mọ̀. Àbúrò rẹ̀ kan náà ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Dípò kó sọ ohun tó gbọ́, èmi ló bi léèrè. Ó ní, "Síkírá, kí ni orin yẹn ń sọ gan-an?" Bóyá ó rò pé n ó sọ nǹkan tí yóò tu Bàbá Alfa lójú, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí àgbà ọkùnrin kan nílé yẹn tó bi mí ní ìbéèrè kí n lè fi ohun tí mo mọ̀ dá a lóhùn. Mo nàró. Mo pe ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, mo ń fọwọ́ kan ojú mi, mo ń fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn, mo túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ìlà kan. Mo ti ń retí pé wọ́n á ní mo káre.

Bàbá Alfa ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ọmọ tí ọmú rẹ̀ kò tíì yọ ló ti ń fi èdè kèfèrí wá ọkùnrin kiri. Ẹ jẹ́ kó dé Jọ́ọ̀sì ná." Bàbá mi kò pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Kò lọ síbì kankan mọ́." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tilẹ̀ wò mí. Ìyá Jọ́ọ̀sì dojúbolẹ̀, ó bẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ìyà náà jẹ òun, ó ní òun kò ní gbé giramafóònù wọlé mọ́ láé. Ìyá mi wọlé wá bẹ̀. Ìyá Àgbà náà bẹ̀. Bàbá Alfa bá kó àwọn àwo náà jáde nínú ìró tí wọ́n wé wọn sí, ó sì là wọ́n mọ́ òkúta tí ìyá mi fi ń lọ ata. Àwo ìgbà náà kì í tẹ̀, ńṣe ló ń fọ́ wẹ́wẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n gbá a.

Ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Ìyá Jọ́ọ̀sì ṣì ń fẹ́ ọmọ, wọn kò sì fẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo kí àwọn ará ọkọ rẹ̀ má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi àti Bàbá Alfa jókòó, wọ́n yan ọmọ fún un. Gàníyù ni wọ́n yàn. Ọmọ tó gbé orin náà lẹ́nu ní Ọ̀yọ́ lójú gbogbo ayé, tó ń kọ ọ́ lóru ààwẹ̀, òun ni kó lọ sí Jọ́ọ̀sì, òun ni kó wọ ilé-ìwé tí wọ́n fi orúkọ mi wá. Mo bi ìyá mi pé ṣé èdè kèfèrí kì í ran ọkùnrin ni. Ó gbá mi létí, ó sì fà mí mọ́ra, òun náà ń sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, a sìn wọ́n dé ibi tí lọ́rì ti ń gbèrò lẹ́bàá Ọjà Igbó, tí yóò gbé wọn dé Ọ̀fà kí wọ́n lè wọ rélùwéè níbẹ̀. Gàníyù wọ bàtà. Ìyá Jọ́ọ̀sì yọ orí sí mi láti inú lọ́rì, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè wa, èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ níbẹ̀ àfi àwa méjèèjì. Ó ní kí n má sunkún, ó ní ilé òun, ilé mi ni, òun ń bọ̀ wá mú mi. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. N kò dá a lóhùn. Mo bínú sí òun náà, mo sì ṣì ń bínú sí i, torí pé ó lè kọ Gàníyù. Ó lè ní bí kì í bá ṣe Síkírá, òun kò gba ọmọ mìíràn. Ó gbà á. Kò padà wá mú mi. Jọ́ọ̀sì ló kú sí.

Gàníyù kàwé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ́lé. Nígbà tó wá sílé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo fi èdè náà kí i, ó ń wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Kò kọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́ ọ. Èmi ń ta ẹ̀kọ. Mo fi ẹ̀kọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin mi níwèé, gbogbo wọn pátá, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ní ti orin náà, ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni Bàbá Alfa tún gbé e jáde. Ó ti yọ ìlà Íńdíà kúrò, gbogbo rẹ̀ ti di Yorùbá, ó ní òun ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohùn náà ni ohùn tí mo fi kọ́ wọn. Ìlú tún jó o. Nígbà tí Bàbá Alfa kú, wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ín, ẹnu mi nìkan ló dákẹ́ nínú gbogbo obìnrin ilé.

Bàbá mi pẹ́ láyé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló wà, nítorí pé àwọn ọkùnrin ilé ti lọ síbi tí ìwé gbé wọn lọ. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fún un ní ẹ̀kọ, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Síkírá, orin tí àbúrò mi gbé wá láti Jọ́ọ̀sì, ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé rárá. Mo wo bó ṣe tẹ́ etí, mo bá kọ ọ́, ti Íńdíà, kì í ṣe ti Bàbá Alfa. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó ní òun fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun kò rántí pé òun gbọ́ ọ rí. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: ọkùnrin kan rìnrìn àjò, ọmọbìnrin tó ń dúró dè é kò rí oorun sùn, ó ń ṣàdúrà, ó ń bi ayé léèrè pé níbo ló wà. Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn?" Mo ní ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn, Bàbá. Ó ní, "Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń bi mí léèrè lóòótọ́, ó sì ń dúró kí n dá òun lóhùn.